Ọmú Rọ́bà Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Ife Ọmọ Mi

Bí ẹ bá ń wá ìtàn ọkọ tó kó àlè wọlé, ẹ ṣí ojú ewé mìíràn. Mi ò ní àlè. Obìnrin wo ló fẹ́ gba ọkùnrin ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta tí yíǹkì dúdú kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀? Ọmú rọ́bà ni mo fi da ilé mi. Ọmú rọ́bà tí kò gùn ju àtàǹpàkò lọ.

Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Èmi náà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ fótókọ́pì ni mò ń ṣe, nínú yàrá iwájú ilé wa. Poli ni mo ti kọ́ ọ, mo sì gbé ìwé ẹ̀rí mi kọ́ ara ògiri kí àwọn oníbàárà lè máa pè mí ní Ẹnjiníà. Àwàdà ni iṣẹ́ mi kejì. Èmi ni mo sọ fún akọ̀wé iléeṣẹ́ kan pé ojú ń ti ẹ̀rọ rẹ̀, pé kó máa yí ojú sí ògiri kó tó tẹ bọ́tìnnì. Oṣù méjì ló fi ń kọ̀yìn sí i. Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn: mo gbà pé gbogbo ayé gọ̀, èmi nìkan ló gbọ́n.

Kóòtù ni ìyàwó mi ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló ń tẹ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ. Kò gbọ́dọ̀ fi kún un, kò gbọ́dọ̀ yọ níbẹ̀. Bí mo bá ti gbé irọ́ mi dé nílé, á gbé ìka rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ tẹ̀wé, á ní, “Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?”

Èmi á ní, “Kọ ọ́ sílẹ̀.”

A ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ohun tó mú un fẹ́ mi nìyẹn, torí ẹ ti gbọ́ nípa èékánná mi.

Ọmọ wa pẹ́ kó tó dé. Obìnrin ni. Mo sọ ọ́ ní Alága, torí kò sí ohun tó lè bẹ̀rẹ̀ nínú ilé wa kó tó jókòó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá ni, ìgò mílíìkì mẹ́rin ló ń mu lójúmọ́. Èyí tó kẹ́yìn, orí ibùsùn ni; á sùn tòun ti ìgò lẹ́nu, bí baba arúgbó tó sùn lọ sídìí páìpù.

Nọ́ọ̀sì kílíníìkì àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ rí i. Obìnrin kúkúrú kan ni, kì í gbóhùn sókè. Ó la ẹnu Alága, ó ní kí ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ wò ó.

“Ìyá Alága, ṣé ẹ rí ìlà funfun tó wà nídìí eyín iwájú yìí? Mílíìkì tó ń sùn sí i lẹ́nu ló fà á. Bó bá fi lè pọ́n bí igi, eyín náà ti ń jẹrà nìyẹn. Ìgò ti tó. Ife ló kàn.”

“Ṣé ká kó gbogbo rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà ni?”

“Rárá o. Ẹ kọ́kọ́ gba ti ọ̀sán. Bó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ gba ti àárọ̀, kẹ́ ẹ tún gba ti ìrọ̀lẹ́. Ti orí ibùsùn ni kó kẹ́yìn. Bó bá ju ife nù, ẹ gbé e. Bó bá tún jù ú, ẹ tún gbé e. Ẹ má bá a jà.”

Ìyàwó mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sán wá di tèmi.

Nọ́ọ̀sì wojú mi. “Bàbá Alága, ṣé ẹ máa lè ṣe é?”

“Mò ń tú ẹ̀rọ tó ní ẹ̀yà ẹgbẹ̀ta, mo sì ń tò ó padà,” mo ní. “Ife lásán ló máa wá ṣòro fún mi?”

Kò rẹ́rìn-ín. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni mo ti fojú aláìmọ̀kan wò ó.

Ẹni kejì tí mo fojú ẹ̀gàn wò ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi ni, ó ti tọ́ ọmọ márùn-ún. Mo ń pè é ní Ìmọ̀ràn-Ọ̀fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó mi ti ra ife aláwọ̀ ewé kan: etí méjì, ìdérí tí ẹnu ṣóńṣó líle yọ lára rẹ̀ fún ọmọ láti máa mu ún, àti ọmọrí kékeré tí wọ́n fi ń dé ẹnu náà. Ẹ̀gbọ́n gbé e, ó yí i wò, ó sì gbé e sílẹ̀.

“Èyí náà dáa,” ó ní. “Àmọ́ ife kékeré lásán, tó ṣí lẹ́nu, ló yá jù. Ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ̀yin náà máa mu tiyín lójú rẹ̀. Ohun tí ọmọdé bá rí ló ń ṣe.”

“Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Bá a bá fẹ́ dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ nínú pálọ̀, ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè.”

Ìyàwó mi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ẹ̀gbọ́n kàn bojú wo ìta.

Lọ́jọ́ kìíní, mo gbé ife fún Alága. Ó gbà á, ó wò ó yípo bí oníbàárà ṣe ń wo yíǹkì ayédèrú, ó sì jù ú sábẹ́ ẹ̀rọ tí mo tú sílẹ̀. Mo gbé e. Ó jù ú. Ẹ̀ẹ̀mẹtàlá ni mo bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yìn mi dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó da mílíìkì náà sínú fótókọ́pì ilé-ẹ̀kọ́ kan.

Lọ́jọ́ kẹta, ó sunkún títí òsúkè fi ń ṣe é. Oníbàárà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ẹni tó ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Mo lọ sí kíṣìnnì, mo po mílíìkì sínú ìgò, mo gbé e fún un. Ilé pa lọ́lọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́mọ rí, ẹ mọ bí ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń dùn tó.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ìyàwó mi bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. “Báwo ni ọ̀sán?”

“Ó mu ún.”

“Nínú ife?”

“Nínú ife. Díẹ̀ ló kù kó dúpẹ́.”

Ó gbé ìka rẹ̀ sókè. “Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?”

“Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó jẹ́ pé ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín kọ́ ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Mo ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó ń jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní, “Ọ̀la mo wà nílé. Ó ń wù mí kí n fojú ara mi rí i.”

Ibi tí ẹni tó lórí á ti jẹ́wọ́ nìyẹn. “Ìyàwó mi, ọmọ kò gbà, mo purọ́.” Gbólóhùn kan péré. Ó máa bínú títí dìgbà oúnjẹ, ó parí. Mo jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́ mi, mo gbé gbólóhùn náà sẹ́nu, mo gbé e mì.

Ni mo bá wo ife. Mo wo ìgò. Ọgbọ́n sì sọ sí mi lágbárí, irú ọgbọ́n tó ń pa ẹni tó ni ín.

Mo fi abẹ gé ṣóńṣó ife náà kúrò. Mo fẹ ojú ihò rẹ̀. Mo gé ìdí ọmú rọ́bà kan, mo kì í bọ ihò náà láti inú, mo sì fi gúlúù tí mo ń lò fún rólà ẹ̀rọ lẹ̀ ẹ́ yíká. Orí ọmú náà kàn yọ díẹ̀. Bí ọmọ bá ti gbé e sẹ́nu, ètè rẹ̀ á bo gbogbo ẹ̀tàn náà. Bó bá mu ún tán, mo ní ọmọrí kékeré láti fi dé e. Mo gbé e sójú fèrèsé, mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Mo fẹ́ràn ara mi lọ́jọ́ yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Alága mu mílíìkì nínú ife láìyẹjú. Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

“Ìwọ lo ṣe é,” ó sọ fún mi. “Mi ò gbà ọ́ gbọ́ tẹ́lẹ̀, má bínú.”

Ó bẹ̀ mí. Ẹni tí mo purọ́ fún ló ń bẹ̀ mí. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó mi ti gba ìgò àárọ̀, ó gba ti ìrọ̀lẹ́, ó gba ti orí ibùsùn. Ó da gbogbo ìgò nù. Kò mọ̀ pé mo ti yọ ọmú méjì pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ yíǹkì mi. Èmi nìkan ló ń fọ ife náà. “Ọkọ mi ń fọ ife,” ó ń sọ kiri kóòtù. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ṣépè fún ọkọ tiwọn nítorí mi.

Ẹ̀gbọ́n wá kí wa. Ó jókòó, ó tẹjú mọ́ Alága tó ń mu mílíìkì nínú ife.

“Ọmọ yìí ń fà á,” ó ní. “Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wọnú. Ọmú ni wọ́n ń fà báyìí.”

“Olúkúlùkù àti bó ṣe ń mumi, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà, mo ti rí i bẹ́ ẹ ṣe ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò.”

“Ẹ jẹ́ kí n wo ife náà.”

“Mo fẹ́ lọ fọ̀ ọ́.” Mo ti dìde kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde tán.

Ìyàwó mi ló dá a lóhùn nígbà tí mo wọ kíṣìnnì. Mo gbọ́ ọ: “Àǹtí mi, ẹ jọ̀wọ́. Ó ti ṣe ohun tá a rò pé kò lè ṣe. Ẹ má fi ìfura bà á jẹ́.”

 Mo sì ń fọ ife, mo ń súfèé.

Ọ̀rọ̀ náà dé kílíníìkì. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, àwọn ìyá máa ń pàdé níbẹ̀ láti bára wọn sọ̀rọ̀ ọmọ títọ́. Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pé kí n wá sọ bí mo ṣe ṣe é, kí n gbé ọmọ àti ife dání. Ẹ̀yin ará, ìwé ìpè yẹn dùn mọ́ mi ju ìwé ẹ̀rí Poli lọ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, mò ń fọ ife. Alága ń hu eyín ẹ̀yìn, ó ti ń rún ọmú náà bí ẹni ń jẹ irèké. Mo rí i pé ó ti sán: ìlà tín-ín-rín kan, ó yí i ká dé ìdajì. Mo fà á wò. Ó ṣì dúró.

Mo ní ọmú mìíràn nínú dúrọ́ọ̀. Àmọ́ gúlúù yẹn kì í gan tán kí ọjọ́ kan tó pé, ọ̀la sì ni ọ̀rọ̀ mi. Bí mo bá tú u, mi ò ní ife tí màá gbé lọ.

Mo dé ọmọrí lé e. Mo ní á tó lò fún ọ̀la.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà ka ìlà yẹn. Gbogbo ìyókù, ẹ lè pè é ní àwàdà òmùgọ̀. Ìyẹn kì í ṣe àwàdà.

Ìyá mẹ́tàdínlógún ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ kejì, olúkúlùkù pẹ̀lú báàgì tó tó ti ẹni tó ń kó kúrò nílé. Ìyàwó mi ti tọrọ àyè wákàtí kan níbi iṣẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo wo àwọn obìnrin náà, tí oorun kò tó lójú wọn, mo sì rò ó nínú ara mi pé, ẹ wo àwọn tí ọmọ oṣù mẹ́rìnlá ń ṣẹ́gun.

“Ohun tó ń yọ yín lẹ́nu ni àánú,” mo sọ fún wọn. “Ọmọdé dà bí ẹ̀rọ. Ẹ kàn mọ ibi tí bọ́tìnnì rẹ̀ wà ni.”

Ìyá ìbejì kan nawọ́ sókè. “Ẹnjiníà, tèmi sọ ife lù mí níwájú orí lánàá. Kí ni kí n ṣe?”

“Ẹ wojú rẹ̀ ṣinṣin, kó mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá.”

Ó kọ ọ́ sínú bébà. Mo rí i tó ń kọ ọ́. Èmi tí mi ò lè wojú ọmọ mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó sáré lọ po mílíìkì.

“Ó yá, ẹ wò ó,” mo ní. Mo gbé Alága jókòó sórí tábìlì nọ́ọ̀sì, mo yọ ọmọrí, mo gbé ife fún un.

Ó gbé e sẹ́nu. Ó fà á. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Mo tẹrí ba fún wọn bí òṣèré. Nígbà tí mo gbé orí sókè, àtẹ́wọ́ ti ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ife ti bọ́ lọ́wọ́ Alága. Ẹnu rẹ̀ là, kò sí ohùn tó ń jáde. Ọmọ tó ń fi igbe fọ́ ilé kò lè wúkọ́. Ètè rẹ̀ ń dà bí aró.

Mo dúró. Ẹnjiníà dúró bí òpó iná.

Nọ́ọ̀sì kọjá lára mi, ó já ọmọ gbà, ó dà á dojú bolẹ̀ sórí apá rẹ̀, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín ẹ̀yìn. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, nǹkan kan já bọ́ sórí àwọn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ta pọ́n-ún, ó sì dúró.

Alága ké. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó dára tó igbe yẹn láyé mi.

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó mú ohun tó já bọ́ náà, ó gbé e wò. Ó mú ife nílẹ̀, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó fi ìka tọ inú rẹ̀. Ó yí i sí àwọn ìyá kí wọ́n rí gúlúù.

“Ọmú ìgò ni,” ó ní. Kò gbóhùn sókè. “Ó lẹ ọmú ìgò mọ́ inú ife.”

Kò sẹ́ni tó bú mi. Mo ń retí kí wọ́n bú mi. Ìyá ìbejì wo bébà tó kọ, ó rún un, ó sì fi nu imú ọmọ rẹ̀.

Ẹ kò mọ ìyàwó mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kì í fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀. Bó bá ti fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀, kí n wá ibi sá sí.

“Ẹ jẹ́ ká lọ sílé,” ó ní.

Nílé, ó gbé Alága lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ó jókòó kọjú sí mi nídìí tábìlì iṣẹ́ mi. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì.

“Ọjọ́ wo lẹ ṣe é?”

“Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ tó o fẹ́ wò ó.”

“Kó tó di ọjọ́ náà ńkọ́?”

“Ìgò ni.”

“Ìgbà wo lẹ rí i pé ọmú yẹn ti sán?”

Mo lè ní mi ò rí i. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa, ìyẹn nìkan ni ì bá dúró títí ayé.

“Lánàá. Lọ́sàn-án.”

“Ẹ rí i. Ẹ sì gbé e fún un.”

“Mo rí i, mo sì gbé e fún un.”

Mo dúró kó gbé ìka rẹ̀ sókè, kó bi mí bóyá kóun kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí tábìlì.

“Èyí ò nílò kíkọ,” ó ní, ó dìde.

Kò lé mi jáde, kò sì kó jáde. Ó dá ọ̀sán padà fún mi, ìyẹn ló burú jù. Lọ́jọ́ kejì, ife kékeré lásán wà lórí tábìlì, ó ṣí lẹ́nu, kò sí ibi tí ọlọ́gbọ́n lè fi nǹkan pamọ́ sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gba àyè níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó wá jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá. Kò fún mi ní ìmọ̀ràn kankan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀rọ̀.

“Mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́sí,” ó ní.

Mo bu omi sí ife Alága, mo bu sí tèmi, mo mu tèmi lójú rẹ̀. Ó da tirẹ̀ sí mi láyà. Mo tún bu òmíràn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wọ ṣẹ́ẹ̀tì tútù jókòó pẹ̀lú ọmọ tó ń ké, tí àwọn oníbàárà sì ń yọjú. Lọ́jọ́ kejìlá, ó gbé ife náà fúnra rẹ̀, ó mu ìdajì, ó da ìdajì, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu bí lébìrà. Ọjọ́ mọ́kànlá péré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sá fún un.

Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ ń ka èyí, tẹ́ ẹ sì ń sọ pé ọwọ́ ló kàn tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ọgbọ́n náà dáa, mo mọ̀ yín. Ọ̀kan lára yín ni mí. Ẹ lọ wo ohun tí ẹ ti fi gúlúù lẹ̀ nínú ilé yín.

Ọdún kan ti kọjá. Ìlà eyín Alága kò pọ́n. Ìyàwó mi ti padà sí “o” fún mi, a sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lánàá, mo po tíì fún un nígbà tó dé láti kóòtù, mo fi ọmọrí dé e kó má baà tutù. Ó kí mi kú iṣẹ́. Ó ṣí i, ó fi ṣíbí rò ó kanlẹ̀, ó gbé ife náà sójú fèrèsé, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ kan fún mi lọ ní gbogbo ìgbà náà. Lẹ́yìn náà ló tó mu ún.

Kò tilẹ̀ mọ̀ mọ́ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.